Garawa Epo Tí Sèlíátù Kò Sẹ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mùlíkátù ti pe Sèlíátù láti ẹ̀yìn ọgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Sèlíátù sì ti dá a lóhùn pé òun ń bọ̀. Garawa epo mọ́tò wà níwájú rẹ̀, ó kún dé ẹnu. Àrọ wà ní ẹnu táǹkì mọ́tò bàbá rẹ̀, aṣọ funfun onípele mẹ́ta sì wà lórí àrọ náà. Ife kékeré kan ni ó fi ń bu epo sórí aṣọ. Epo náà yóò kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa kán lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ife mẹ́rin péré ni ó tíì bù. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í yá rárá.

Ní ọdún 1956 tí à ń sọ yìí, inú dúrọ́ọ̀mù ni epo mọ́tò ń wà dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé e wá. Àwọn dúrọ́ọ̀mù náà ti dípẹtà nínú, omi ọ̀sà a sì máa rí àyè wọ ibẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí orí rẹ̀ pé ní Ẹ̀pẹ́ tí yóò da irú epo bẹ́ẹ̀ sínú mọ́tò rẹ̀ láì sẹ́ ẹ. Àwọn kan ń fi ògbólógbòó fìlà sẹ́ ẹ, àwọn mìíràn ń fi aṣọ. Nílé Àlímì awakọ̀, ọwọ́ Sèlíátù ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni iṣẹ́ náà ti wà láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rí.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà yàtọ̀. Ọkọ̀ sinimá ìjọba ti wọ ìlú. Wọ́n ti ta aṣọ funfun ńlá kan mọ́ ara ògiri nítòsí ọjà ẹja, àwọn ọmọdé sì ti ń gbé àpótí ìjókòó lọ síbẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Mùlíkátù kò lè fara dà á mọ́. Ó wọlé wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà.

"Wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni o," ni ó wí. "Bí a bá pẹ́, ìpàkọ́ àwọn àgbàlagbà ni a óò máa wò. Da epo yẹn sínú mọ́tò kí á máa lọ. Ta ló ń wò ọ́?"

Lóòótọ́, kò sí ẹni tó ń wò ó. Bàbá rẹ̀ ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Sèlíátù wo garawa, ó wo Mùlíkátù, ó sì wo ojú ọ̀run tó ti ń ṣú. Ó ká aṣọ kúrò lórí àrọ, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé garawa sókè, ó sì da epo náà gbuu sínú táǹkì. Kí á tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé tó sì bi í bóyá ó ti sẹ́ epo, ó ní òun ti sẹ́ ẹ tán. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré lọ wo sinimá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí kì í fọwọ́ kó tó jẹun ni sinimá náà dá lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ìrìn àjò pàtàkì ni wọ́n ń torí rẹ̀ rọ epo. Morìnsọ́lá, ọmọ aládùúgbò wọn, fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin. Ìkòròdú ni wọ́n fi ibùdó ìdánwò sí lọ́dún náà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sì sọ ọ́ kedere pé wọn kò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Lọ́dún tó kọjá, ibà dá Morìnsọ́lá dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò gan-an. Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún báyìí. Bí ti ọdún yìí bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ yóò sì parí síbẹ̀. Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀, opó tó ń yan ẹja tà, ló fúnra rẹ̀ wá fa ọmọ náà lé Àlímì lọ́wọ́. Ó ní kí ó ṣáà bá òun mú un dé ibẹ̀ lásìkò.

Àlímì ní kí Sèlíátù bá wọn lọ, kí Morìnsọ́lá lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kí Sèlíátù náà sì fojú rí bí àwọn tó ń kàwé ṣe ń ṣe. Ó ti pinnu pé ọmọ òun yóò wọ ilé-ìwé Módáànù, èyí tó tẹ̀ lé ìwé mẹ́fà, bí ọdún bá yí. Ìyá àgbà Sèlíátù, tí wọ́n ń pè ní Mámà, kò fara mọ́ èyí rárá. Mámà ní ìwé mẹ́fà ti tó ọmọbìnrin. Ohun kan náà ni Àlímì máa ń fi dá a lóhùn, pé ọmọ tí ènìyàn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ ni Sèlíátù, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ní lọ fi ilé-ìwé ṣeré.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti kírun àárọ̀, wọ́n sì ti gbéra. Mọ́tò Àlímì dàgbà ju Sèlíátù lọ. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń ṣọ́ igbó ìjọba ni ó ti rà á, òyìnbó náà sì ti lò ó gbó kó tó tà á. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Bàbá Oníkọ́, nítorí pé kì í gbéra láì kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ó bá ti wúkọ́ tán, yóò máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kán an lójú.

Wọ́n gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, wọ́n gba Ṣàgámù kọjá. Morìnsọ́lá wọ búláòsì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un, lẹ́tà ìdánwò rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀. Ó ní kí Sèlíátù máa bi òun ní ìṣirò, ó sì ń dáhùn wọn wéré wéré. Àlímì ń fi imú kọrin níwájú. Sèlíátù ti gbàgbé ọ̀rọ̀ epo pátápátá, àní bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Ògìjó, tí Ìkòròdú kò ju máìlì mẹ́sàn-án lọ mọ́, mọ́tò wúkọ́. Kò sẹ́ni tó kà á sí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó tún wúkọ́, ó fà sẹ́yìn, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Àlímì darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó ní kí wọ́n má ṣe dààmú, pé nǹkan kékeré ni. Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó nù wọ́n, ó sì dá wọn padà. Ó fi irin yí ẹ́ńjìnnì níwájú títí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Mọ́tò kò dáhùn. Ó yẹ àwọn wáyà wò, ó yẹ bátìrì wò, ó tún yí i, kò tún dáhùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bínú sí Bísíríyù, mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́ tó bá a tún wáyà mọ́tò náà ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní iṣẹ́ jákujàku Bísíríyù ló fa gbogbo èyí, pé bí òun bá ti padà dé ilé, gbogbo awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ ni yóò gbọ́ irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ojú Sèlíátù bọ́ sára garawa epo tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Ó ti rántí. Ó fi ọgbọ́n bi bàbá rẹ̀ bóyá epo ni kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Àlímì tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, bó ti wù kí inú bí i tó. "Ti epo kọ́," ni ó wí. "Ìwọ lo sẹ́ epo yìí. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ibẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ wò."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Sèlíátù ju kí bàbá rẹ̀ gbá a létí lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ yóò mọ̀ pé òun purọ́, Mámà yóò gbọ́, ilé-ìwé Módáànù yóò sì di àlá. Bí ó bá dákẹ́, bóyá mọ́tò yóò dédé ṣiṣẹ́. Bóyá wáyà Bísíríyù ni lóòótọ́. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ irú nǹkan wọ̀nyí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Àlímì ní tirẹ̀ padà sídìí wáyà, ó ń tú èyí tí kò bàjẹ́, ó sì ń so ó padà.

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì kọjá, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀kẹta kọrí sí Ìkòròdú. Àpò obì kún un dé òkè, àwọn èrò sì rọ̀ mọ́ ọn lára. Kò tilẹ̀ dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀. Máìlì mẹ́sàn-án kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Aago mẹ́jọ àbọ̀ kọjá, aago mẹ́sàn-án ń bọ̀.

Morìnsọ́lá jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sunkún, kò sì ráhùn. Ó ka lẹ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ká a pọ̀ wẹ́rẹ́, ó sì fi í sínú àpò rẹ̀ bí ẹni tí kò tún ní lò ó mọ́.

"Sèlí," ni ó wí ní ohùn jẹ́ẹ́, "lọ́dún tó kọjá ibà ni. Lọ́dún yìí mọ́tò ni. Ó jọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí n ṣe olùkọ́."

Gbogbo ohun tí Sèlíátù ń bá ara rẹ̀ sọ tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run. Ó mọ ẹni tó jẹ́, ó sì mọ wákàtí tí ó ṣe é. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n ó rìn lọ síwájú mọ́tò.

"Bàbá, n kò sẹ́ epo yẹn."

Àlímì kò gbé orí sókè. Ó ní kí ni ó wí.

"Ife mẹ́rin péré ni mo sẹ́. Mo da ìyókù sínú táǹkì bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ tètè lọ wo sinimá. Ẹ bi mí, mo sì purọ́ fún yín. Kì í ṣe ẹ̀bi Bísíríyù."

Àlímì dìde dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀, Sèlíátù sì ń retí ìgbátí tí kò wá. Àlímì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù.

"Gbé sípánà kékeré wá," ni ó wí.

Asẹ́ epo mọ́tò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ife gíláàsì kékeré kan ni, kò ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ. Àwọ̀n wáyà oníhò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tó ń dá ìdọ̀tí dúró, nọ́ọ̀tì kan sì dì í mú láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rá àti eruku ti bo gíláàsì náà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè rí inú rẹ̀. Àlímì fi àkísà nù ún. Dípò epo tó mọ́ gaara, omi pupa bí ẹrọ̀fọ̀ ojú ọ̀nà ló wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti máa wá kiri mọ́.

Ó fi sípánà sí nọ́ọ̀tì, ó yí i. Nọ́ọ̀tì kò mira. Ó tún yí i, sípánà yọ̀, ó sì ha ẹ̀yìn ìka rẹ̀ bó. Ọdún méjì gbáko ni kò ti tú nọ́ọ̀tì náà, nítorí pé epo tí Sèlíátù ń sẹ́ mọ́ débi pé kò sí ìdí láti tú u. Iṣẹ́ rere ọmọ yìí gan-an ló fún ìpẹtà láyè láti gan nọ́ọ̀tì mọ́ ibẹ̀. Àlímì ní àfi kẹrosíìnì, kí ó lè rọ̀.

Sèlíátù kò dúró kí ó parí ọ̀rọ̀. Ó ti rí èéfín abà kan lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́, ó sì sáré lọ síbẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló bá nídìí ààrò. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì fi apá tó jẹ́ pé òun ló fà á pamọ́. Ìyá náà da kẹrosíìnì inú àtùpà rẹ̀ sínú agolo fún un. Ó ní kí ó má sáré jù kó má baà dà á nù, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n pẹ́.

Wọ́n da kẹrosíìnì yí nọ́ọ̀tì ká, wọ́n sì dúró. Ìdúró yẹn gan-an ni ó le jù. Àlímì wo aago, ó yí nọ́ọ̀tì, kò gbọ́. Wọ́n tún da díẹ̀ sí i, wọ́n tún dúró. Nígbà tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, sùúrù Àlímì tán, ó sì mú òòlù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Sèlíátù wí. "Bí gíláàsì bá fọ́, kò sí òmíràn."

Àlímì dúró pẹ̀lú òòlù lókè. Ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Sèlíátù tú gèlè orí rẹ̀, ó fi í yí gíláàsì náà ká, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gírígírí láti ìsàlẹ̀ kí ó má baà yí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Àlímì rọra ń yí sípánà, ó ń yí i síwájú díẹ̀, ó ń yí i sẹ́yìn díẹ̀. Epo ń ro sí ọwọ́ Sèlíátù, ó sì ń ta á níbi tí igi oko ti ha á. Kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Morìnsọ́lá, tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti jẹ́wọ́, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo nọ́ọ̀tì náà bí ẹni pé ojú rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Lójijì ni nǹkan dún kẹ́. Nọ́ọ̀tì yí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrẹ̀ pupa àti omi ló wà nínú ife gíláàsì náà, ìdọ̀tí sì ti dí gbogbo ihò wáyà. Bí Àlímì ṣe ń yọ wáyà náà, ó ya sí i lọ́wọ́, nítorí pé ó ti gbó. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Àlímì. Àwọ̀n wáyà tuntun kan wà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, nínú ìwé tí wọ́n fi dì í láti ìgbà tó ti rà á l'Ékòó. Ó fọ gíláàsì, ó fi wáyà tuntun sí i, ó sì dè é padà. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ó fẹ́ lọ yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí Sèlíátù tún sọ̀rọ̀. Ó ní epo tó wà nínú táǹkì kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, pé bí wọ́n bá gbéra bẹ́ẹ̀, wáyà tuntun náà yóò dí kí wọ́n tó dé Ìkòròdú. Morìnsọ́lá wo aago ọwọ́ Àlímì, ó sì dijú. Àlímì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó tú ìdí táǹkì, epo sì ṣàn sínú garawa tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú àrọ àti ife.

Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ epo wà nílé, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Sèlíátù yọ ìborùn funfun tuntun tó wà léjìká rẹ̀, èyí tí Mámà rà fún un nígbà ọdún Iléyá, ó ṣẹ́ ẹ sí ìpele mẹ́ta, ó sì tẹ́ ẹ sórí àrọ. Ó ń bu epo sórí rẹ̀ ní ife kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó wù ú bí kí ó da gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń dúró kí ọ̀kan kán tán kó tó bu òmíràn. Ìborùn náà pọ́n, omi dúró sórí rẹ̀, epo tó mọ́ sì ń kán sísàlẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó sọ pé kí ó ṣe kíá. Nígbà tí èyí tó lè gbé wọn dé Ìkòròdú pé, Àlímì ní ó tó.

Ó yí irin lẹ́ẹ̀kan, kò dún. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Oníkọ́ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ké. Kò sí ìgbà tí ikọ́ dùn mọ́ ènìyàn létí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Àlímì kán mọ́tò náà lójú, mọ́tò náà sì gbà. Wọ́n wọ Ìkòròdú, wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlẹ́mu kan, wọ́n sì yà sí ọgbà ilé-ìwé tí ìdánwò wà. Ọkùnrin kan ti di ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mú, ó fẹ́ tì í. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́wàá lù. Morìnsọ́lá bẹ́ sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró dáadáa. Ọkùnrin náà wo lẹ́tà rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó kún fún eruku, ó sì yà fún un kí ó wọlé. Ilẹ̀kùn tì.

Sèlíátù jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló ń sun, ara ló tù ú. Ó jọ pé ẹnìkan sọ ẹrù kan kalẹ̀ fún un tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti ń rù láti àná. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kí ó sunkún náà tẹ́rùn. Ó ra ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ọgbà.

"Epo kọ́ ló dùn mí jù," ni Àlímì wí nígbà tí wọ́n jẹun tán. "Ọmọdé lè fẹ́ wo sinimá. Ohun tó dùn mí ni pé mo fi bí wákàtí kan wá ohun tí ìwọ mọ̀, o sì ń wò mí."

Sèlíátù kúnlẹ̀, ó ní kí ó dárí ji òun. Àlímì ní òun ti dárí jì í láti ìgbà tó ti la ẹnu rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ bí kò bá sọ. Ó ní ilé-ìwé Módáànù ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Sèlíátù fúnra rẹ̀ ni yóò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún Mámà, yóò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìborùn. Ní ti epo, láti ọjọ́ náà lọ, òun yóò máa jókòó tì í títí òun yóò fi rí i pé òun tún lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un kí òun sì máa lọ. Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Bísíríyù tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ kò mọ irú ẹ̀gàn tí orí yọ ọ́ nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Epo tó kù nínú garawa ṣì wà láti sẹ́, kí wọ́n lè rí ohun tí yóò gbé wọn padà sílé. Sèlíátù tẹ́ ìborùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé òkúta kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dun Sèlíátù, ṣùgbọ́n kò bínú, nítorí ó mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Morìnsọ́lá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìṣirò wọn kò le tó èyí tí Sèlíátù bi òun lójú ọ̀nà. Sèlíátù kò lè gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi," ni ó wí.

Morìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sì di etí kan ìborùn náà mú kí ó má baà rì sínú àrọ.

"Mo bínú," ni ó wí. "Mo bínú sí ẹ gan-an, títí mo fi jókòó tí wọ́n pín ìwé ìbéèrè. Ìgbà yẹn ni mo wá rò ó pé bí o bá ti dákẹ́ ni, orí òkúta yẹn ni mo ṣì máa wà, màá sì máa sọ pé Ọlọ́run ni."

Lóṣù kejì, lẹ́tà dé pé wọ́n gba Morìnsọ́lá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ ó ṣe àṣìṣe láyé yín, kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Ẹ ó ṣe iṣẹ́ kan lábọ̀ọ̀bọ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò yín, ẹ̀rù yóò sì máa bà yín láti jẹ́wọ́. Ẹ rántí pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi dákẹ́, ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi, nígbà mìíràn Ọlọ́run pàápàá. Ẹ tètè sọ òtítọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ojú yóò tì yín díẹ̀, ọwọ́ yín lè máa rùn fún epo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n ẹ ó sùn dáadáa, bí Sèlíátù ṣe sùn lórí èjìká Morìnsọ́lá láti Ṣàgámù títí wọ́n fi dé ilé.